Máfọwọ́kàn-án àti Dáyámọ́ńdì Alábùkù Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí obìnrin yìí jẹ́, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn, kó wá na ọwọ́ sí ohunkóhun tó bá rí lórí tábìlì. Kó tó nà án tán ni yóò gbọ́ ọ: "Má fọwọ́ kàn án." Kì í pariwo o. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń kí èèyàn káàárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ olúwarẹ̀ á fúnra rẹ̀ padà sápò. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, látorí dókítà dórí àwọn tó ń gbálẹ̀, ṣe sọ ọ́ ní Máfọwọ́kàn-án nìyẹn. Òun náà gbà á, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ẹ bá rí ohun tó ń dáàbò bò tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Òkúta kan ni, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣóńṣó okùn gíláàsì kan. Dáyámọ́ńdì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ọkọ ń fi sí ìyàwó lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá àbùkù sí i lára ni. Dáyámọ́ńdì àti èédú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹyọ èédú tí ojú kò lè rí ló tò jọ lẹ́sẹẹsẹ tó di dáyámọ́ńdì, bí àga ṣe ń tò nínú gbọ̀ngàn. Nínú ti Máfọwọ́kàn-án, wọ́n ti yọ àga kan níhìn-ín, wọ́n yọ òmíràn lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi àlejò kan tó ń jẹ́ náítírójìn sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá tan iná lésà aláwọ̀ ewé sí i, àwọn àlàfo yẹn á máa tàn pupa. Tí òòfà bá wà nítòsí, bó ti wù kó kéré tó, pupa yẹn á yí padà díẹ̀, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn pupa náà á mọ bí òòfà ọ̀hún ṣe lágbára tó. Dáyámọ́ńdì tó mọ́ tónítóní, tí àwọn olówó ń dù, adití ni. Èyí tó lábùkù ló ń gbọ́ràn.

Ọkàn èèyàn lobìnrin yìí fẹ́ fi gbọ́. Tí ọkàn bá ń lù, iná mànàmáná díẹ̀ ń gba inú ẹran rẹ̀ kọjá, ibi tí iná bá sì gbà, òòfà ń bá a rìn. Òòfà yìí kì í dúró sábẹ́ awọ. Ó ń jáde síta fúnra rẹ̀, kò ní kí wọ́n lẹ nǹkan kan mọ́ ara ẹnikẹ́ni. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ó kéré lọ. Òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, jù ú lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù. Kéèyàn máa wá ti ọkàn láàárín rẹ̀ dà bí kéèyàn fẹ́ gbọ́ bí ọmọ tuntun ṣe ń mí láàárín ọjà.

Kí ló wá gbé e dé ìdí irú iṣẹ́ báyìí? Bàbá rẹ̀ ni. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, ilé ìwé girama sì ni Máfọwọ́kàn-án wà nígbà tí gáàsì gbiná mọ́ bàbá náà láyà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, awọ ara ni wọ́n ń lẹ wáyà rẹ̀ mọ́. Awọ dà? Nọ́ọ̀sì dúró, ó mú wáyà lọ́wọ́, ó ń wá ibi tó máa lẹ̀ ẹ́ sí, gbogbo ibi tó bá sì gbìyànjú, ọkùnrin náà á kérora. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọbìnrin náà dúró sí tó ń wò ó. Nígbà tí ọkàn bàbá rẹ̀ fi máa dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti ń ṣe ségesège tipẹ́. Ó dùn ún wọra, ó sì ń dùn ún títí dòní. Ohun tó ń lé láyé kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ tó máa gbọ́ ọkàn ẹni tí iná jó, tí kò ní kàn án lára.

Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ló fi ń yangàn káàkiri. "Ọmọ mi ń fi dáyámọ́ńdì ṣiṣẹ́," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. Àwọn oníbàárà á wo maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó ń wà, wọ́n á wo sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Aránṣọ, ṣé dáyámọ́ńdì ọ̀hún kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiyín ni?"

"Ó dé," á fún wọn lésì. "Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ni."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pe Máfọwọ́kàn-án. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Àwọn aláìsàn ń sùn sí kọ́rídọ̀, ó sì ń wá àyè lójú méjèèjì. "Ọdún ń gorí ọdún," ó ní, "mi ò tíì rí ọkàn kan. Yàrá yẹn máa di ibi tí a ó máa kó bẹ́ẹ̀dì sí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, káfíńtà á wá wọn ibẹ̀. Àfi tí ẹ bá fi ọkàn ẹyọ kan péré hàn mí kó tó dé." Tí yàrá yẹn bá lọ, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn, nítorí kò sí yàrá mìíràn nínú ilé ìwòsàn náà tí ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá Àgbà náà sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ọ̀hún. Ẹnì kejì, ọkùnrin ẹlẹ́fẹ̀ kan ni, òun ló ń tọ́jú iná lésà, Onílésà ni wọ́n sì ń pè é. Òun náà ló máa ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìdánwò, bẹ́ẹ̀dì onígi tí kò ní ìṣó kankan, nítorí irin máa ń da dáyámọ́ńdì láàmú, àtè ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àfi bí ikọ́ ṣe mú un lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Tó bá ti dùbúlẹ̀, á húkọ́, ìlà tó ń fi ohun tí dáyámọ́ńdì gbọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà á sì fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àyà tèmi kò ṣe é lò mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá àyà mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Aránṣọ wọlé, ó gbé aṣọ iṣẹ́ funfun tó bá ọmọ rẹ̀ tún bọ́tìnnì rẹ̀ rán wá. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lẹ̀ ń wò lára mi?" ni ìyá náà bi wọ́n.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ràn wá lọ́wọ́ lónìí," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Kí ẹ kàn dùbúlẹ̀, kí ẹ má mira, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀."

"Ti ìdùbúlẹ̀ yẹn rọrùn."

Onílésà wá ń bi í ní gbogbo ohun tí wọ́n máa ń bi èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù ńkọ́? Ó yọ ọ́ sílẹ̀. Aago ọwọ́? Ó bọ́ ọ. Yẹtí, kọ́kọ́rọ́ ilé, dígí ojú onírin, gbogbo rẹ̀ ló kó sínú abọ́ ike. "Irin kankan kò wá sí lára yín mọ́, Màmá?"

"Irin kẹ̀? Ṣé mọ́tò ni mí ni?"

Ó dùbúlẹ̀. Wọ́n sọ dáyámọ́ńdì náà kalẹ̀ títí tó fi ku bí ìbú ìka kan sí àyà rẹ̀, wọ́n tan iná aláwọ̀ ewé. Kò pẹ́ rárá tí ìlà ojú kọ̀ǹpútà fi dìde. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó ń bá ọkàn ìyá àgbà lọ déédéé. Onílésà gbá itan, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí Máfọwọ́kàn-án tó la ẹnu, ó ti sáré gba orí àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà.

Ọ̀gá Àgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó wò ó, ó tún un wò, ó bọ Máfọwọ́kàn-án lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́. Yàrá yìí ti di tiyín." Kó tó dé ìdajì kọ́rídọ̀, ó ti ń fi fóònù ròyìn rẹ̀ fún àwọn alákòóso. Inú Máfọwọ́kàn-án dùn, ẹ má jẹ́ ká parọ́, ó dùn débi pé ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yọ̀ náà ni ara ń fu ú. Ìlà yẹn tóbi jù. Ó ti ṣírò òòfà ọkàn títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí, ó mọ ibi tó yẹ kó ga dé, kí ó sì dúró. Ọkàn ìyá òun kì í kúkú ṣe ọkàn erin.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ìyá rẹ̀ padà wá. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, ó dùbúlẹ̀ sójú kan náà, wọ́n sọ dáyámọ́ńdì kalẹ̀ bíi tàná. Ìlà náà kò dìde. Ó kàn ń gbọ̀n wúruwùru, bó ṣe máa ń gbọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì bá ṣófo. Onílésà yẹ iná wò, ó yẹ wáyà wò, òógùn bò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́," obìnrin náà ní. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, aṣọ wo lẹ wọ̀ lánàá?"

"Búlúù yẹn ni."

"Ṣé ẹ ti rán an tán?"

"Ó ku ọrùn rẹ̀. Píìnì ni mo fi dì í mú."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Onílésà rọra ní, "Màmá, ṣebí a bi yín pé ṣé irin wà lára yín."

"Irin lẹ bi mí. Ta ló bi mí ní píìnì?"

Ẹ má bá ìyá yẹn wí. Ẹni tó ti ń fi abẹ́rẹ́ olórí róbótó yìí di aṣọ mú láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò kà á sí ẹrù mọ́. Tí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ gbé dání, ṣé ẹ máa ka eyín ẹnu yín mọ́ ọn? Píìnì yẹn wà láyà rẹ̀. Bí ọkàn bá ti lù, àyà á gbọ̀n díẹ̀, píìnì á gbọ̀n tẹ̀lé e, dáyámọ́ńdì sì ń gbọ́ ọ kedere. Àṣé píìnì ni gbogbo ilé ìwòsàn ń bá yọ̀ láti àná.

Onílésà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣáà ti fún wa ní yàrá. Ṣé dandan ni kí Ọ̀gá gbọ́?"

"Dandan ni."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ. Ojú ń tì í, inú ń bí i, ó ń ṣe é bíi kó padà, síbẹ̀ ó kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ sì le bí òkúta. "Mo ti sọ fún gbogbo ayé," ó ní. "Ká ní ẹ dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná jó tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé wá fún mi, kò ní ní píìnì láyà. Ẹ̀rọ mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀yin á sì rò pé ọkàn ẹni náà ló dákẹ́."

Ọ̀gá Àgbà kọjú sí fèrèsé. "Káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ló sọ. "Mi ò ní dá a dúró."

Bí Máfọwọ́kàn-án ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó sunkún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó nu ojú, ó wọlé. Ó ti mọ ọ̀tá rẹ̀ tipẹ́: ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni. Wáyà iná inú ògiri ní òòfà tirẹ̀, mọ́tò tó ń rìn níta ní tirẹ̀. Ọba gbogbo wọn ni ẹ̀rọ agbéniròkè, tó ń gbé aláìsàn lọ sókè sódò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà kan Máfọwọ́kàn-án lẹ ìwé mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, ó fi bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gba àtẹ̀gùn. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ wo ló máa gbà á? Ó fi ojú rí màbo lọ́jọ́ náà.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, dáyámọ́ńdì kejì kan wà tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá fọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e jáde rí. Obìnrin náà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú un.

"Ẹ̀gbọ́n, tí èyí náà bá fọ́ ńkọ́?"

"Tí yàrá bá lọ, kí la fẹ́ fi èyí tó wà nípamọ́ ṣe?"

Ohun tó rò rèé. Á so dáyámọ́ńdì kejì sókè àkọ́kọ́, níbi tó jìnnà sí àyà. Òòfà ẹ̀rọ agbéniròkè tóbi, ọ̀nà jíjìn ló sì ti ń bọ̀, bákan náà ló máa dé etí àwọn méjèèjì. Ti ọkàn ò lágbára, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òkè. Nítorí náà, ohun tí àwọn méjèèjì bá jọ gbọ́, kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àyà ló ti wá. Ó rọrùn láti fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n bí òkúta méjì ò bá gbọ́ràn bákan náà gẹ́lẹ́, yíyọ tí wọ́n ń yọ ọ́ á tún dá ariwo mìíràn sílẹ̀ ni, àti mú wọn dọ́gba sì gbà wọ́n ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Onílésà ò dẹ́fẹ̀ mọ́. Nígbà tí òkúta méjèèjì bá tún kọ̀ láti dọ́gba, Máfọwọ́kàn-án á tú wọn sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àgbàlagbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Aránṣọ ti dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ má bi mí ní nǹkan kan," ó ní. "Mo ti tú gbogbo ara mi wò. Kódà mo bọ́ kọ́mú sílé." Onílésà yára yíjú sí ògiri.

Ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn lọ tòótọ́. Ìlùkì ọkàn kan ṣoṣo kò ṣe é rí, ó ti kéré jù. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń to ìlùkì lé ìlùkì. Ariwo tí kì í wá bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, á máa pa ara rẹ̀ jẹ. Ìlùkì tó ń wá bákan náà nígbà gbogbo, á máa ga sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Lókè, wọ́n gbọ́ tí ẹ̀rọ agbéniròkè gbéra. Ìlà dáyámọ́ńdì ìsàlẹ̀ fò, ti òkè náà fò. Ìlà kẹta, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ wọ́n tán, kò mira. Onílésà di tábìlì mú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni òkè kékeré kan yọrí lórí ìlà kẹta yẹn. Òkè ṣóńṣó kan tẹ̀lé e, òkè bẹ̀ǹbẹ̀ kan sì tẹ̀lé ìyẹn, bí ìlùkì ọkàn kan ṣe máa ń rí. Máfọwọ́kàn-án ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣírò gíga rẹ̀, ó tún un ṣírò. Ibi tó yẹ kó ga dé ló ga dé, kò fi ohunkóhun lé e. Ó jí ìyá rẹ̀, ó ní kó dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tún un wọ̀n lófìfo: ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní kó padà dùbúlẹ̀: òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, tó fi ọwọ́ bo ojú. Ọkàn ìyá rẹ̀ nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà, bó ṣe rí gan-an.

Ọ̀gá Àgbà wọlé, káfíńtà tẹ̀lé e tòun ti téèpù. "Ọkàn ọ̀hún dà?" Wọ́n fi hàn án. Ó sún mọ́ ọn. "Èyí mà kéré sí ti ọjọ́sí."

"Bó ṣe yẹ kó kéré nìyẹn, ọ̀gá. Ti ọjọ́sí ló pọ̀ jù."

Ọkùnrin náà dúró, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Lójijì ló tú bẹ́líìtì rẹ̀. "Èmi náà á dùbúlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi píìnì tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, kó fi àyà ara rẹ̀ dán an wò."

Ìyá Aránṣọ ló gba iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ Onílésà. "Fóònù? Aago? Píìnì ńkọ́?"

"Màmá, èmi kì í lo píìnì."

"Bẹ́ẹ̀ náà lèmi wí pé mi ò ní irin."

Ọ̀gá Àgbà dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ó ṣe díẹ̀, ó fẹ́ bá káfíńtà sọ nǹkan. "Ọ̀gá, ẹ má sọ̀rọ̀," ni Ìyá Aránṣọ kìlọ̀, ó fi ìka kan ẹnu, Ọ̀gá Àgbà sì pa ẹnu dé. Nígbà tó yá, tí wọ́n gbé e dìde, òkè mẹ́ta tirẹ̀ ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n jọ ti ìyá náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó wò wọ́n títí. Ó de bẹ́líìtì, ó kọjú sí káfíńtà.

"Ẹ bá mi wọn ẹnu ọ̀nà yìí," ó ní. "Ẹ fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè máa gbé aláìsàn gba ibẹ̀ wọlé."

Káfíńtà na téèpù. Máfọwọ́kàn-án bú sẹ́kún, ẹkún ayọ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì ń fi etí aṣọ nù ún lójú bíi ti ọmọdé, ó ń sọ fún káfíńtà pé kó má wulẹ̀ wò wọ́n, kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹnu ọ̀nà títóbi yẹn wọlé, ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ni. Iná ààrò ló bú mọ́ ọn láyà. Báńdéèjì bò ó láti ọrùn dé ìdodo. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ìrora ló ń bá a mú wá, kódà àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rọra tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onígi, ó di ojú pinpin, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di etí pákó mú, ó ń dúró de èyí tó kàn.

Máfọwọ́kàn-án sọ dáyámọ́ńdì méjèèjì kalẹ̀, ó dá wọn dúró lókè báńdéèjì. Òkè mẹ́ta yọrí lórí ìlà kẹta, ṣùgbọ́n wọ́n rí wọ́gọwọ̀gọ. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí iná jó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ti ń ṣìsẹ̀ gbé. Ó dáa tí a tètè rí i." Ó rán nọ́ọ̀sì níṣẹ́ oògùn lójú ẹsẹ̀. Oògùn dé, wọ́n fà á sínú omi tó ń gba apá rẹ̀ wọlé, wọ́n tún un wọ̀n. Òkè mẹ́ta náà ti ń tò sí àyè wọn. Máfọwọ́kàn-án gbé dáyámọ́ńdì sókè, ó pa iná aláwọ̀ ewé, ó sì fẹnu sún mọ́ etí ọkùnrin náà.

"Bàbá, ẹ kú ìfaradà. A ti ṣe tán."

Ọkùnrin náà la ojú kan, ó wo òkè, ó wo àyà rẹ̀, ó wá wo obìnrin náà.

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?" ló bi í.